Aṣọ Ìpò Lẹ́yìn Àgbọ̀nrín

Ohùn méjì ló ń jí wa nínú agbo ilé wa ní Kàbà lọ́dún yẹn. Ọ̀kan ni ti pákó pẹlẹbẹ tí Ìyé Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi ń gbá òwú mọ́ra lórí òfì: gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Èkejì ni ti bàbá mi àti ẹ́ńjìnnì. Gbogbo Sátidé, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, bàbá mi á ti wọnú ọkọ̀ rálì rẹ̀ tó wà lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé, á máa fi kọ́kọ́rọ́ bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ á wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá ké lójijì débi pé gbogbo ewúrẹ́ á sá wọ ẹ̀yìnkùlé. Kò ní í pẹ́ tí radiétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, bàbá mi á sì pa á. Ìyé Àgbà kì í gbójú sókè nídìí òfì. "Ó ti kígbe tán?" ni yóò wí. "Ẹ bu omi fún un, kó máa sùn lọ."

Àwa ọmọdé ló sọ ọkọ̀ náà ní Àgbọ̀nrín, nítorí àwọ̀ ewé gbígbẹ tó ní àti nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga nílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún wà nínú òbìrìkìtì funfun lára ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ tèmi, èmi àkọ́bí tí mo jẹ́ obìnrin, ni láti nù ún láràárọ̀ kí n tó lọ pọn omi, kí n sì lé adìẹ jáde nínú rẹ̀, torí adìẹ ilé wa kò mọ ibi mìíràn tí wọ́n ń yé sí ju àga ẹ̀yìn lọ. Ẹyin tí mo bá bá níbẹ̀ la fi ń jẹ iṣu sísè. Màmá mi a máa sọ pé ọkọ̀ tó ń bọ́ ilé ni, kò kàn lè rìn ni. Bàbá mi kì í bá a rẹ́rìn-ín. Òyìnbó kan tó ń la títì ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, nígbà tí bàbá mi jẹ́ awakọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ fi í sá eré ìje lójú ọ̀nà eléruku láti ìlú dé ìlú, nígbà tí òyìnbó sì ń padà sílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá mi lọ́wọ́. "Èmi ni mo wà á," ni bàbá mi máa ń wí. "Òyìnbó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ka máàpù." Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Rálì lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá, wọn á ní, "Ó wà á níbo? Fífọ̀ ló ń fọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí ni Ìyé Àgbà gbọ́ jù. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà sí i. Ó kàn máa ń bi í pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Bàbá mi kò sì ní ẹnì kan tó lè tọ́ka sí.

Ọdún yẹn ni ojú Ìyé Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ Bùnú ni, ìdílé ahunṣọ ni wọ́n ti bí i. Kí Àgbọ̀nrín tó dé, abẹ́ àtíbàbà yẹn ni òfì rẹ̀ wà, nínú ìmọ́lẹ̀, níbi tó ti lè rí òwú, tó sì tún lè rí ẹni tó ń kọjá kó bá a ṣàwàdà. Ọkọ̀ ló lé e wọnú yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ti iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá, ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àwo kó tó yó. Mo rántí pé màmá mi náà dáwọ́ dúró, torí Ìyé Àgbà kì í fi iyán sílẹ̀ lásán. Ó ní, "Mo fi ọwọ́ wá fọ́nrán òwú lónìí bí afọ́jú. Mo fẹ́ àyè mi. Mo ti bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀." Òótọ́ ni. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ti wá lọ́sàn-án nígbà tí bàbá mi kò sí nílé. Mo rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ilẹ̀kùn Àgbọ̀nrín, tó ń mi orí, tó ń fi ẹnu ka iye ọkọ́ tó máa rọ jáde nínú rẹ̀.

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn èyí ni rédíò kéde láti Ìlọrin. Ìlọrin ni olú-ìlú wa nígbà náà, abẹ́ Kwara la wà. Wọ́n ní àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ fẹ́ kó àwọn ọkọ̀ rálì àtijọ́ jọ sí pápá kan, pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, pé wọ́n á sì fi gbohùngbohùn pe orúkọ ẹni tó wà á nígbà ayé rẹ̀, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Bàbá mi dìde nídìí rédíò, ó lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú òfì. "Ìyé, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi, màá kọ́ àtíbàbà mìíràn fún òfì yín, ẹ̀ẹ́ fi Àgbọ̀nrín sílẹ̀ fún mi. Bí wọn ò bá pè é, kí alágbẹ̀dẹ máa bọ̀."

Ìyé Àgbà ní, "Etí ta ló máa gbọ́ ọ, tí mo máa gbà gbọ́?"

Bàbá mi yíjú kiri, ó sì na ìka sí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú mi lọ. Ọkọ̀ tó lè yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan kọ́ ló lè rìn láti Kàbà dé Ìlọrin, omi tí radiétọ̀ yẹn ń jò kò ní í jẹ́ kó kọjá Ayétòrò. Fífà la máa fà á. Ẹni tó gbà láti fà á ni Làmídì, ọmọ Ìlọrin tó máa ń fi lọ́rì wá kó iṣu lọ́dọ̀ wa. Ẹlẹ́nu dídùn ni, fìlà pupa kì í kúrò lórí rẹ̀. Mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ ti lọ ṣe ọdún, ó sì ní èmi ni màá rọ́pò rẹ̀. Màá jókòó sórí iṣu, màá kọjú sẹ́yìn, màá máa wo ọwọ́ bàbá mi tó wà nídìí sítíárìn Àgbọ̀nrín. Bí bàbá mi bá gbé ọwọ́ kan sókè, kí n gbá ara lọ́rì lẹ́ẹ̀kan, kí Làmídì dẹ̀ ẹ́. Bó bá gbé méjèèjì, kí n gbá a léraléra, kó dúró. "Bí o bá sùn," ni Làmídì wí fún mi, "bàbá ẹ á wọ abẹ́ iṣu mi, iṣu mi á sì bàjẹ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdájí tí a fẹ́ gbéra, ẹnu màmá mi ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìyé Àgbà ti lọ sí Bùnú ní ọjọ́ méjì ṣáájú láti wo àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá mi wà lábẹ́ iwájú Àgbọ̀nrín, ó ń so okùn. Làmídì ń já imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń fi í há iwájú lọ́rì bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe kí ará ọ̀nà lè mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan. Ó ké sí màmá mi pé ọlọ́pàá kò ní í jẹ́ kí àwọn kọjá láìsí aṣọ pupa lẹ́yìn. "Mo fún un ní gèlè mi," ni màmá mi wí. "Ó ní èyí kò ju ahọ́n ajá lọ, pé ọkọ̀ tó bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn kò ní í rí i. Mo wọlé, mo ṣí àpótí tí mo kọ́kọ́ rí. Aṣọ pupa ńlá kan ló wà nísàlẹ̀, ó nípọn, ó sì wúwo. Mo nà án bo búùtù, mo so ó nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí. Níbi tí wọ́n ti bí mi, pupa kàn jẹ́ pupa ni."

Aṣọ ìpò ni. Àwọn obìnrin Bùnú ló ń hun ún, ìsìnkú àgbà ni wọ́n sì ń hun ún fún. Iwájú ilé olóògbé ni wọ́n ń ta á kọ́ sí. Ẹni tó bá rí i lókèèrè kì í béèrè nǹkan kan, ó mọ̀ pé ẹni ńlá ti lọ. Èyí tó wà nínú àpótí yẹn, ìyá Ìyé Àgbà ló hun ún, wọ́n ta á síwájú ilé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Ìyé Àgbà sì ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tirẹ̀. Bàbá mi kò yí sẹ́yìn wò kó tó wọ ọkọ̀, dígí ẹ̀yìn Àgbọ̀nrín sì ti fọ́ tipẹ́. Láti orí iṣu, iwájú ọkọ̀ ni mò ń rí, n kò rí búùtù. Làmídì ń wo ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta kò mọ ohun tí a gbé sẹ́yìn, imọ̀ ọ̀pẹ sì wà níwájú bíi ti ọkọ̀ tó gbé òkú.

A kúrò ní Kàbà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Okùn náà le, ó tún dẹ̀, ó tún le, ojú mi kò sì kúrò lára ọwọ́ bàbá mi. Ní Ayétòrò ni mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn obìnrin kan ń gbé ẹrù lọ sóko, a kọjá lára wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Òkun o! Òkun!" bí a ṣe ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àgbọ̀nrín ti kọjá wọn tán, wọ́n dákẹ́. Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kúnlẹ̀. Mo rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní iwájú díẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé wa. Ẹlòmíràn dara pọ̀ mọ́ ọn. Kí a tó dé Mọ̀pà, wọ́n ti pọ̀ lẹ́yìn wa, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ sáré kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Èèyàn tó bá fẹ́ bá wa jà á pariwo, èèyàn tó bá fẹ́ bá wa yọ̀ á rẹ́rìn-ín. Àwọn yìí kò ṣe èyíkéyìí. Mo wo bàbá mi, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ó yọ orí síta ní ojú fèrèsé, ó kígbe sí mi pé, "Ṣé o rí i? Wọ́n rántí ọkọ̀ yìí! Ibí la gbà kọjá lọ́jọ́ náà!" Ó sì ń juwọ́ sí wọn bí ọba. Kò sí ẹni tó ju ọwọ́ padà.

Bọ́ọ̀sì kan láti Kàbà bá wa, ó sì dẹ ìrìn lẹ́yìn wa kó tó yọ síwájú. Nígbà tó kan Àgbọ̀nrín, obìnrin kan nínú rẹ̀ wo bàbá mi lójú, ó wo nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Kò wo bàbá mi bí ẹni tó rí alààyè. Bóyá ó rò pé àbúrò bàbá mi tó jọ ọ́ ló wà nídìí sítíárìn, n kò mọ̀. Mo gbọ́ orúkọ wa lẹ́nu rẹ̀. "Ilé Bàbá Rálì! Yéè, ilé Bàbá Rálì ni!" Bọ́ọ̀sì náà kọjá, eruku rẹ̀ sì bò wá. Ọ̀nà Ìsánlú ló ń lọ.

Òkè kan wà ká tó wọ Àmùrò. Làmídì ti gba gíà kékeré, lọ́rì ń kérora, iṣu ń yí lábẹ́ ìdí mi. Mo rí okùn tó ń tú. Fọ́nrán kan já, ó yí bí ejò kékeré, òmíràn tẹ̀lé e. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n tó lè lanu, mo sì ń gbá ara lọ́rì, mo ń gbá a, mo ń ké, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Okùn já pẹ̀lú ìró ìbọn. Àgbọ̀nrín dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀ òkè. Bíréèkì rẹ̀ kò mú. Mo rí bàbá mi tó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣí, mo sì rí àwọn tó ń tẹ̀lé wa tí wọ́n ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n wọ igbó lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan ń sunkún nínú igbó pé, "Kò fẹ́ lọ! Ó lóun ò lọ!" Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló dúró lójú títì. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pa á. "Bàbá," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ àgbà nílé. "Bàbá, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ilé la ó ti sọ ọ́. Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́." Bàbá mi yí sítíárìn tán pátápátá. Ìdí Àgbọ̀nrín wọ inú ebè iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, ó rì sínú rẹ̀, ó sì dúró. Láàárín òun àti bàbá arúgbó náà, àyè tó kù kò gba akọ màlúù kan.

Nígbà tí bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn tó jáde, àwọn tó ti yọ orí nínú igbó tún sá padà. Bàbá arúgbó náà kò sá. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo gbé e ni, àbí ìwọ ni wọ́n gbé?"

"Gbé kí ni, bàbá?"

Ọkùnrin náà fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìdí ọkọ̀. Bàbá mi yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ká. Mo ti bọ́ sílẹ̀ lórí iṣu nígbà náà, mo tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí ebè, ọwọ́ lórí. Aṣọ ìpò ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó nà gbọọrọ bo búùtù, erùpẹ̀ wà lára rẹ̀, ọ́ìlì dúdú sì ti jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó ti mu igun rẹ̀ kan. Làmídì dé pẹ̀lú òógùn, ó ń bú okùn, ó ń bú ẹni tó tà á fún un. Nígbà tó gbọ́ ohun tí aṣọ náà jẹ́, ó ju okùn sílẹ̀, ó wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì gbà lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀gá Rálì. Bọ́ọ̀sì yẹn á ti dé Ìsánlú báyìí."

Ìsánlú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé, ilé ọkọ rẹ̀ wà létí títì. Bàbá mi dìde bí ẹni tí iná jó. Wọ́n so okùn náà pọ̀, ó di kúkúrú, bàbá mi tú aṣọ náà, ó ká a, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Aṣọ pupa kò sí lẹ́yìn mọ́. Làmídì wo ọ̀nà, ó wo wa, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì há a mọ́ búùtù. Àwọn tó wà nínú igbó jáde wá bá wa ti ọkọ̀ kúrò nínú ebè. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́ kan tó ti sá jù, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Kàbà! Ẹ̀ ń sin mọ́tò!" Bàbá arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́. Èyí tó bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ má fi í ṣẹ̀sín."

A gbọ́ ẹkún ká tó rí ilé. Ọ̀nà tó wọ Ìsánlú kò gùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ń fà kì í sáré, bàbá mi kò sì lè bọ́ sílẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ṣáájú. Ó jókòó nídìí sítíárìn, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ òun ké. Nígbà tí lọ́rì dúró tó sì jáde, ẹkún náà dá lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n dé ìkòkò. Ìyá Ìsánlú, bí a ṣe ń pè é, jáde láàárín àwọn obìnrin, gèlè rẹ̀ ti tú. Ó fọwọ́ kan ojú àbúrò rẹ̀, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbá a létí débi pé mo gbọ́ ọ lórí iṣu.

"Ta ló ní kí o kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò kú."

"Ta ló wá ní kí n gbọ́ ọ?" Ó dì mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá mi ṣàlàyé, ó ní kí wọ́n foríjì òun, pé òun gbọ́dọ̀ dé Ìlọrin nírọ̀lẹ́, torí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ máa yí pápá. Àwọn àgbà ilé náà mi orí. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, àáfà àdúgbò wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ti wá fún òkú, wọn kò sì fẹ́ lọ láìṣe nǹkan kan. Ìyá Ìsánlú nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí a bá sunkún rẹ̀ láàyè, ilé tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ jẹun, kó sùn, kí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹkún náà á máa wá a kiri."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa pe orúkọ mi."

"A ti pè é lónìí," ni Ìyá Ìsánlú wí. "O ò gbọ́?"

Mo rí bàbá mi tó wo Àgbọ̀nrín, tó wo ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, tó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sùn níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ ló ni ọkọ̀ náà. Gbogbo ìgbésí ayé mi nínú iṣẹ́ ìròyìn, mo ti wo ojú àwọn tó ń yan nǹkan kan fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló dàbí ojú bàbá mi lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé Ìyá Ìsánlú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé. Wọ́n gúnyán láti inú iṣu Làmídì. Pásítọ̀ gbàdúrà, àáfà gbàdúrà, Làmídì ṣe àmín sí méjèèjì. "Ọ̀nà burú," ló wí fún mi. "Màá gba àdúrà tó bá wà."

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ la kúrò. A kọjá Ẹ̀gbẹ̀, a kọjá Òmù-Àrán, okùn kúkúrú náà sì mú kí imú Àgbọ̀nrín sún mọ́ mi débi pé mo ń rí eruku tó wà ní ìpéǹpéjú bàbá mi. Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí a dé pápá ní Ìlọrin. Wọ́n ń tú àwọn àgọ́ ìbòòrùn. Àwọn ọkọ̀ tó kù ń jáde lọ, ẹni tó ni gbohùngbohùn sì ti ká wáyà rẹ̀ sínú àpò. Bàbá mi sáré tọ̀ ọ́ lọ. N kò gbọ́ ohun tí ó sọ, mo kàn rí i pé ọkùnrin náà fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn án, kò ṣe é ní ìkà, ó sì lọ.

Bàbá mi padà wá, ó tú okùn. Ó bu omi sínú radiétọ̀ títí ó fi kún, ó jókòó, ó bẹ ẹ́ńjìnnì. Àgbọ̀nrín wúkọ́, ó tún wúkọ́. Mo ń gbàdúrà bí pásítọ̀, mo ń gbà á bí àáfà. Ó ké. Bàbá mi ju gíà, ó sì gbéra. N kò tíì rí i rí kó wa Àgbọ̀nrín, kò sí ẹnikẹ́ni nílé wa tó tíì rí i. Ó wọ igun àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ yọ̀ síta, ó fa eruku bí aṣọ, mo rò pé ó ti pin. Ó yí sítíárìn sí òdìkejì, ọkọ̀ náà sì padà wá sábẹ́ rẹ̀ bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń tú ìbòòrùn dáwọ́ dúró. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, èéfín ti bo iwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀. Làmídì gun orí lọ́rì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì pe orúkọ bàbá mi, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, sí pápá tó ti ṣófo.

Làmídì ń padà bọ̀ wá kó iṣu, ó fà wá délé. Ìyé Àgbà ti padà láti Bùnú, ìròyìn ti ṣáájú wa. Ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà tó ṣófo. Bàbá Alágbẹ̀dẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Màmá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mo rò pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó gbé aṣọ náà síwájú ìyá rẹ̀. Ìyé Àgbà kò wò ó, ó fi ìka wá a kiri títí ó fi kan ibi tí ọ́ìlì wà. Ó gbóòórùn ìka náà.

"Wọ́n pe orúkọ rẹ?"

"Wọ́n pè é, Ìyé."

"Ta ló pè é?"

Bàbá mi yíjú wo Làmídì. Làmídì ní, "Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ oníṣu?" Bàbá Alágbẹ̀dẹ bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò rẹ̀. Ìyé Àgbà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n wá. Ọwọ́ rẹ̀ le lára èjìká mi. "Ìwọ tí mo rán. Ta ló wa ọkọ̀ náà?"

Mo ní, "Bàbá mi ni. Ọkọ̀ fẹ́ ṣubú, ó ní kó má ṣubú."

Ó mi orí. Ó tún bi mí pé, "Ní Àmùrò, ṣé òtítọ́ ni pé arúgbó bẹ̀ ẹ́, tó sì dúró?"

"Òtítọ́ ni, Ìyé."

"Wọ́n ṣí fìlà fún un lọ́nà? Wọ́n sunkún rẹ̀ ní Ìsánlú?"

"Èmi ni wọ́n sunkún, Ìyé," ni bàbá mi wí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tí o jẹ iyán wọn? Ohun tí aṣọ bò ni wọ́n sunkún." Ó yíjú sí alágbẹ̀dẹ. "Bàbá Alágbẹ̀dẹ, aṣọ ìyá mi ti bo èyí, ìlú mẹ́ta ti dárò rẹ̀. Ṣé o lè fi òkú àgbà rọ ọkọ́?"

Ọkùnrin náà wo Àgbọ̀nrín. Ó wo aṣọ. Ó da òòlù rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì kí gbogbo wa kó tó lọ, ó kí ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Wọ́n ti Àgbọ̀nrín padà sábẹ́ àtíbàbà, Ìyé Àgbà sì ní kí wọ́n gbé òfì òun jáde wá tì í. Ara ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n so òpó rẹ̀ mọ́, nínú ìmọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ibì kan náà ni ohùn méjèèjì ti ń wá láràárọ̀, bí bàbá mi bá sì ń bẹ ẹ́ńjìnnì, òfì á máa gbọ̀n, Ìyé Àgbà á máa bú u. Ní ti aṣọ ìpò, màmá mi fẹ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú eérú àti ọṣẹ dúdú. Ìyé Àgbà kò gbà. Ó ká a sínú àpótí bó ṣe wà. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọ́n ta á síwájú ilé wa, lókè Àgbọ̀nrín gan-an, àbàwọ́n ọ́ìlì náà dúdú níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn àgbà obìnrin tó wá láti Bùnú dúró, wọ́n ń wò ó, ojú wọn le. Ọ̀kan bi bàbá mi pé ta ló ba aṣọ ìyá rẹ̀ jẹ́.

Bàbá mi ní, "Wọn ò bà á jẹ́. Ẹni tó lò ó ṣáájú Ìyé ló fi àmì sílẹ̀."